Ilé Páálí Tí Ọmọ Rẹ Ń Kọ́

Àkọ́bí mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ, ibi tí o bá dojú kọ, ọ̀nà yóò là fún ọ. Àlàáfíà la wà níbí, àfi eékún ìyá rẹ tó máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ẹnu rẹ ńkọ́ o? Ọjọ́ tí a rí ọ nínú fóònù kẹ́yìn, ńṣe lo la ẹnu sílẹ̀ tí o ò lè pa á dé mọ́, ojú rẹ dúró gbagidi, fóònù sì kú. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á. Mi ò gbọ́ àìsàn yẹn rí, ṣùgbọ́n mò ń gbàdúrà sí i.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni iṣẹ́ ọwọ́ tí tíṣà gbé fún ọmọ rẹ, Ọ̀gá Kékeré. Tíṣà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi páálí kọ́ ilé wọn, kó ya gbogbo ará ilé sójú fèrèsé. Èmi káfíńtà tí mo ti ń kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó bí tíṣà náà, ṣé páálí ni ọmọ ọmọ mi yóò fi kọ́lé? Mo gbé pákó gidi, mo rẹ́ ẹ, mo fá a, mo kan òrùlé lé e, mo fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn, mo sì rù ú lọ síléèwé. Kò gba ẹnu ọ̀nà kíláàsì wọlé. Tíṣà kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní ilé náà dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ lòun fẹ́, kí n jọ̀ọ́ máa gbé e lọ. Adìẹ ìyá rẹ ló ń gbénú rẹ̀ báyìí, wọ́n ń tilẹ̀kùn sùn bí olówó.

Ọ̀gá Kékeré bá gé páálí bàtà, ó ń lẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Òrùlé rẹ̀ wọ́, mo ká ọwọ́ mi kò kí n má bàa tún un ṣe. Gọ́ọ̀mù pákó nìkan ni mo fi ràn án lọ́wọ́, òun ló fà á tí tábìlì ìjẹun wa fi lẹ̀ mọ́ ilé náà. Ó ya mí pẹ̀lú pẹ́ńsùlù létí, ó ya ìyá rẹ tó di eékún mú. Nígbà tó dé fèrèsé tìrẹ, ó ya gèlè, ó ya yẹtí, ó bá dúró. Ó ní òun ò rántí bí imú màmá òun ṣe rí. Mo ní imú mi gan-an ni. Ó wo imú mi títí, ó ní rárá, kò lè burú tó yẹn.

Mo wá ṣí àwòrán rẹ lórí fóònù, mo da bébà bò ó, mo fi òkúta tí mo fi ń pọ́n irinṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ lè ràn mọ́ bébà. Bébà ò gba nǹkan kan, gíláàsì fóònù ló sán. Ìdí tí mi ò fi gbé ìpè rẹ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, tìtorí wa lo ṣe ń ṣe é. Tíṣà ní kí a gé ojú obìnrin kan nínú ìwé ìròyìn lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, àwọn míì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní láéláé, ẹni tí a ò mọ̀ rí ò ní yọjú ní fèrèsé ilé mi. Mo ti sọ fún ọmọ rẹ pé ìwọ fúnra rẹ ń bọ̀, mi ò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Nítorí náà, má fi owó oṣù yìí ránṣẹ́, owó ò nímú. Fi wọ mọ́tò. Bó bá ṣẹ́ kù, ra gọ́ọ̀mù àwọn ọmọdé bọ̀, kí o sì bá mi wá gíláàsì fóònù. Ọjọ́ Ẹtì tó parí oṣù ni àwọn òbí máa wá wo iṣẹ́ náà, torí náà kí o ti dé ní Ọjọ́bọ̀, kí o jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi níwájú ọmọ rẹ, kí o dúró gbagidi bí o ṣe dúró nínú fóònù yẹn. Ṣùgbọ́n pa ẹnu dé.

Ọlọ́run tó mú ọ lọ yóò mú ọ bọ̀ láyọ̀, o ò ní pàdé aburú lọ́nà. Ọ̀gá Kékeré ní kí n kí ọ. Ó ti kun gbogbo ilé náà tán, ó ní fèrèsé kan ṣoṣo lòun fi sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.