Ìdí Tí N Kò Fi Ní Dáná Sun Àwòrán Abọ́dẹrìn

                                                            Ilé Ìgbẹ̀bí,
                                                            Ojú Ọ̀nà Ugbe,
                                                            Ìkàrẹ́-Àkókó.
                                                            Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, 1956.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Abíọ́dún,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ọ̀gbẹlẹ̀ tó wọlé dé wẹ́rẹ́ yìí. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ọ̀wọ̀? Ikọ́ Bàbá Abíọ́dún ńkọ́? Bí kò bá tíì lọ, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi sìgá sílẹ̀. Mo ti wí i tẹ́lẹ̀, mo tún ń wí i. Abíọ́dún fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń fẹsẹ̀ rìn? Bí kò bá tíì rìn, ẹ má jáyà. Ọmọ mìíràn wà tó máa ń fẹ́ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ná, kó tó ráyè ìrìn. Ní tèmi, ara mi le, ọyẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ láti orí àpáta, àwọn aboyún sì kún ọ̀dọ̀ mi.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á, mo tún un kà. Ẹ ní kí n dáná sun àwòrán náà. Ẹ ní bébà lásán ni, pé obìnrin tó ti ní àfẹ́sọ́nà kì í torí bébà fọ́ ilé tí kò tíì wọ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ ń rò mí sí rere. Ṣùgbọ́n n kò ní sun ún. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó hàn pé ẹni tó ròyìn rẹ̀ fún yín kò sọ ju ìdajì lọ.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti dé láti ìlú òyìnbó, níbi tí mo ti lọ fi kún ìmọ̀ ìgbẹ̀bí tí mo kọ́ ní Ìbàdàn, sinimá ọ̀fẹ́ nìkan ni fàájì mi. Mọ́tò sinimá a máa wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn a ta aṣọ funfun sí pápá ilé ìwé, Badmus tó ń bá mọ́tò náà rìn a sì máa fi gbohùngbohùn túmọ̀ ohun tí a ń wò sí Yorùbá. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí Suleiman Abọ́dẹrìn. Kí ló ń ṣe lọ́jọ́ náà? Àkàbà lásán ló ń gbé tẹ̀lé wolé-wolé. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n bí wolé-wolé ṣe ń bá onílé wí pé ìdin ẹ̀fọn kún inú ìkòkò omi rẹ̀, ọkùnrin yìí yọjú wo inú ìkòkò náà, ó sì rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu ara rẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ti mu nínú rẹ̀. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Mo bi ara mi léèrè pé, ta nìyí?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ̀lé e. Mọ́tò dé Ugbe, mo dé Ugbe. Ó lọ sí Àjọwá, mo gun kẹ̀kẹ́ mi lé e. Ní Epinmi, níbi tí Yorùbá Badmus kò ti fi bẹ́ẹ̀ yé àwọn ìyá àgbà, mo ṣàkíyèsí pé ibi tó yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín gan-an ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Ara Abọ́dẹrìn kò nílò ògbufọ̀. Àwọn tó ń ṣe sinimá náà rí ohun tí mo rí, nítorí pé ọkùnrin alákàbà yìí di ọkọ aboyún nínú sinimá tó tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di ọdún tó kọjá, òun ni olórí eré. Mo gé àwòrán rẹ̀ láti inú ìwé ìròyìn, Rájí káfíńtà fi igi yí i ká, ó fi gíláàsì bò ó, mo sì gbé e kọ́ sára ògiri yàrá mi.

Ní Ọ̀kà ló ti kú.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Sinimá nípa ìgbóná ni. Ó ṣe àgbẹ̀ kan tó sá sóko nígbà tí wọ́n wá fún ará abúlé ní bupá, abẹ́rẹ́ apá tó ń dènà àrùn náà. Ìgbóná sì bá a lóko. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí ikú. Iṣẹ́ mi ni kí n máa lé e sẹ́yìn, kì í sì í gbọ́ nígbà gbogbo. Ẹni tó bá kàn ń fi ikú ṣeré a dijú, a gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó parí. Abọ́dẹrìn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìka ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ohun tí kò sí níbẹ̀ lórí ẹní. Ó mí kanlẹ̀, èémí náà dúró, ó tún fà á, ó dúró. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rọ̀ kí ojú rẹ̀ tó ṣófo. Ẹni tí kò bá tíì jókòó ti aláìsàn títí dé òpin kò lè mọ èyí. Ọkùnrin náà ti jókòó ti ẹnì kan rí, ó sì fara balẹ̀ wò ó. Badmus wá ké sínú gbohùngbohùn pé, "Ó ti kú o! Ẹ̀yin ará Ọ̀kà, ẹ fojú yín rí i!" Ẹkún sọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tó ti ń sá wọ igbó fún èmi àti àwọn tí a jọ ń fúnni ní bupá ló ń ti ara wọn ṣubú láti gbà á.

Ọdún yìí ni wọ́n wá gbé sinimá kòkó dé Ọ̀kà. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni Abọ́dẹrìn yọ láti inú oko, ara dídán, ẹ̀rín lẹ́nu, ó ń da kòkó sílẹ̀ lórí ẹní. Ariwo ta. "Àkúdàáyà! Òun nìyẹn! Ṣebí níṣojú wa ni wọ́n sin ín!" Àwọn obìnrin gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n sá. N kò pè wọ́n ní òmùgọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo wa la gbọ́ ọ nílé wa pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé lè kú níhìn-ín kó lọ máa gbé ìlú mìíràn, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi pàdé rẹ̀. Wọ́n pàdé ẹni tí wọ́n mọ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé rẹ̀ ni wọn kò mọ̀.

Bàbá Fádáhùnsí ará Ọ̀kà, bàbá Zacchaeus àfẹ́sọ́nà mi, wá rántí pé àwọn ti rí ojú yẹn lára ògiri mi. Wọ́n ránṣẹ́ pé aya ọmọ àwọn kò gbọdọ̀ máa bá òkú gbé yàrá: kí n sun àwòrán náà, kí n da eérú rẹ̀ sínú odò tó ń ṣàn.

Zacchaeus gun kẹ̀kẹ́ wá bá mi. Ẹ mọ̀ ọ́n, tíṣà ni, kò fẹ́ràn ìjà. Ó ní, "Mọ́jú, ẹ jẹ́ ká sọ pé ìbejì ni wọ́n. Táyé ló kú, Kẹ́hìndé ló ń sá kòkó. Bàbá á gbà, ìlú á gbà, ẹnikẹ́ni ò sì ní bá bupá yín jà."

Mo ní, "Bó bá tún yọ nínú sinimá kẹta ńkọ́, Tíṣà? Ṣé ẹ̀ta òkò la ó wá pè wọ́n?"

"Irọ́ kékeré tó ń gbé ilé ró ni."

"Ẹ jẹ́ kílé ọ̀hún wó ná."

Kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ràn ìjà ju Zacchaeus lọ. Ọkùnrin kan ló mú wa sunkún, ọkùnrin kan náà ló mú wa rẹ́rìn-ín. Bí mo bá pín in sí méjì, mo ti gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Èmi náà mọ ohun tó máa ń rí lára bí ènìyàn bá ṣiṣẹ́ tán tí wọ́n sì fi ọpẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mo lọ sí Ọ̀kà fúnra mi. Bàbá wà lórí àga, Màmá Zacchaeus ń hun aṣọ lára òfì wọn. Bàbá kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀ tán.

"Nọ́ọ̀sì, ọkùnrin yẹn kú àbí kò kú?"

"Kò kú, Bàbá."

"Á, ìjọba purọ́ fún wa nìyẹn. Bí kò bá kú, ìgbóná ò pa á. Bí ìgbóná ò bá pa á, kí la gba bupá fún?"

Ìbéèrè tí mo ti ń bẹ̀rù láti ilé nìyẹn. Bí mo bá ní ó kú, bupá ò bàjẹ́, ọkọ mi ò lọ, àwòrán nìkan ló máa jóná. Bí mo bá ní kò kú, ó lè jẹ́ pé ohun gbogbo ni n ó pàdánù. Mo ní, "Bàbá, ìgbóná ń pani. Ẹ mọ àwọn tó mú lọ nínú agbo ilé yìí jù mí lọ. Abọ́dẹrìn kàn fi hàn wá bó ṣe ń pani ni."

"Ó wá ń fi ikú ṣeré?"

Mo yíjú sí Màmá. "Màmá, mo gbọ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n sìn yín wá sílé Bàbá, ẹ sunkún débi pé gbogbo àdúgbò ló jáde. Ṣé ẹ ò fẹ́ wá ni?"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Èmi? Ẹsẹ̀ ti ń yún mi láti àárọ̀!"

"Irọ́ lẹ pa, nígbà náà?"

Ọwọ́ wọn dúró lórí aṣọ. "Irọ́ kọ́. Mo ń fi ìyá mi sílẹ̀. Ó yẹ kí n sun ún, mo sì sun ún dáadáa."

"Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe nìyẹn, Màmá."

Bàbá ní ọ̀rọ̀ òkú là ń sọ, a kò sọ ti ẹkún ìyàwó. Wọ́n ní bí mọ́tò sinimá bá fi padà dé tí àwòrán náà ṣì wà, kí Zacchaeus lọ wá ìyàwó síbòmíràn. Ìgbà yìí ni lẹ́tà yín dé.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá mọ́tò dé Ọ̀kà. Badmus ti sọ fún mi pé Abọ́dẹrìn tún kú nínú èyí tí wọ́n gbé wá: dírẹ́bà ọlọ́tí ni, lọ́rì rẹ̀ ló yí dànù. Mo gbé àga mi síwájú pátápátá, mo sì tọrọ gbohùngbohùn.

"Iṣẹ́ mi lẹ fẹ́ gbà, Nọ́ọ̀sì?" Badmus ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n ó gbé e fún mi.

Mo sọ fún wọn pé ọkùnrin tí wọn yóò rí tó máa kú yóò dìde, yóò gbọn eruku ara rẹ̀ dànù, yóò sì lọ jẹun. Pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́dún tó kọjá. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, "Ìyàwó àkúdàáyà!"

Mo dá a lóhùn pé, "Ká ní ọkọ mi ni, ǹ bá ti ní kó má kú mọ́. Ikú rẹ̀ ti sú mi!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún wọn pé ikú tirẹ̀ ni eré, ìgbóná kì í ṣe eré, bupá kì í sì í ṣe irọ́. Bàbá Fádáhùnsí dìde, wọ́n gbé àga wọn, wọ́n lọ. Àwọn kan tẹ̀ lé wọn. Zacchaeus náà dìde, mo sì rò pé ó ń tẹ̀ lé wọn. Àṣé àga tirẹ̀ ló fẹ́ gbé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níṣojú bàbá rẹ̀ àti gbogbo ìlú.

Lọ́rì yí dànù. Dírẹ́bà kú. Mo ti sọ fún wọn kedere pé kò ní kú, síbẹ̀ Màmá Zacchaeus ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún, gbogbo pápá sì gbà á lẹ́nu wọn. Nígbà tí iná tàn, Màmá fi etí aṣọ nu ojú, wọ́n sì nawọ́ kàn mí léjìká. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ọkùnrin yẹn mọ ikú kú."

N kò ní tàn yín: nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tó wá gba bupá kò tó ti ọdún tó kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá, òtítọ́ ló gbé wọn wá. Bàbá kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Zacchaeus ní òun yóò lọ bá wọn sọ ọ́. Mo ní kó lọ, ṣùgbọ́n kó má fi ìbejì kankan sí i.

Ẹ bá mi kí Bàbá Abíọ́dún, ẹ kí àwọn ará ilé wa gbogbo, ẹ sì bá mi gbá Abíọ́dún mọ́ra. Lẹ́yìn Kérésì ni a dá ọjọ́ ìgbéyàwó sí. Bó bá wáyé, ẹ wá bá mi jó. Bí kò bá wáyé, ẹ wá náà, ṣùgbọ́n kí ẹ má wá bá mi kẹ́dùn.

                                                            Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
                                                            Mọ́júbọ́lá Ògúnsúyì.