Ẹni Tí Wọ́n Fẹ́ Sin Mí Tì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kí n tó jókòó, mo sì tún jókòó kí ọ. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbélé kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́, ewúrẹ́ wa bí méjì, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló mú mi gbé bírò. Pásítọ̀ wàásù pé ẹni tó bá gba àjíǹde gbọ́, kí ó hàn lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fọṣọ fún aládùúgbò wa tó ń ṣàìsàn. Èmi náà wá tèmi ṣe: mo lọ sí ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì láti mọ ibi tí wọ́n máa sin mí sí, kí n lè mọ ibi tí n óò ti jí. Akọ̀wé tẹ kọ̀ǹpútà, ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí mi, mo sì ṣí fìlà fún un. Sàréè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún mi rèé ní ìlà kejì, ta ló ni èyí tó wà lápá òsì mi? Télọ̀!

O mọ̀ pé èmi àti Télọ̀ kì í kíra. Ọdún mọ́kànlá rèé tó rán ṣòkòtò fún mi, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró lọ́rùn ẹsẹ̀, tí ti òsì ń gbálẹ̀. Mo pariwo. Ó ní ṣòkòtò òun pé, ẹsẹ̀ mi ni kò pé. Lójú àwọn oníbàárà rẹ̀! Wàyí o, rò ó wò: fèrè ìkẹyìn dún, mo gbọn erùpẹ̀ nù, mo yíjú, òun ni. Ṣé kí n máa gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú àwọn áńgẹ́lì ni?

Mo ní kí akọ̀wé gbé mi kúrò níbẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà kò gbà. Mo ní kí ó jẹ́ kí n bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀ fúnra mi. Mo tẹríba, mo ṣàlàyé látìbẹ̀rẹ̀, ó kàn ń tan iná wò mí ni. Mo béèrè àgbà rẹ̀, wọ́n ní ó wà ní oríléeṣẹ́.

Kò wá sí ọ̀nà mìíràn ju kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí Télọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń kí èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Mo dúró ti ilẹ̀kùn, mo ń dán an wò: ẹ kú àjí, ẹ kú ìdìde, ẹ kú erùpẹ̀. Ìyá rẹ ní tí mo bá kí ilẹ̀kùn tán, kí n bá òun kí fèrèsé.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló fò lọ. Òun ló gbójú sókè, ó ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún mọ́kànlá, ọmọ mi, ló pè ní ọjọ́ mẹ́ta! Mo sọ ti sàréè fún un, ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun náà ti lọ bẹ kọ̀ǹpútà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, òun tiẹ̀ gbé ẹyin lọ fún un. Ó wá fa téèpù yọ, ó wọn ẹsẹ̀ mi. Òótọ́ ni, ti òsì fi ìka kan kúrú. Ó ní kí ló wá dé tí jíjàre òun kò dùn mọ́.

Ìwọ tó kàwé, má sọ fún Pásítọ̀ o: nígbà mìíràn, n kò mọ bí àjíǹde yẹn yóò ṣe rí. Mo bi Pásítọ̀ pé ẹni tí ẹja jẹ ńkọ́, tí èèyàn sì jẹ ẹja náà, ó ní kí n lọ jẹun. Ṣùgbọ́n Télọ̀ tó ti kú lójú mi ló jókòó sílé wa yìí, tó ń jẹ búrẹ́dì mi, tó ń sọ pé n kò mọ lẹ́tà kọ.

Jọ̀wọ́, fi owó àga méjì ránṣẹ́. Èmi àti Télọ̀ máa ń lọ jókòó síbi sàréè wa lẹ́yìn ìsìn kí ibẹ̀ lè mọ́ wa lára, ilẹ̀ sì ń dùn wá nídìí. Ọ̀sán ni kí o fi ránṣẹ́, torí mo máa ń pa fóònù lálẹ́ kó lè sinmi, n kò fẹ́ kí owó dúró síta mọ́jú.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹnì kan wà láyé tí o kò ní lè kí láàárọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.