Orí Ẹja Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Agbáwo

Àbúrò mi,

Mo kí ìwọ àti ìyàwó wa. Orúnkún mi ti ń gbọ́ oògùn.

Ọmọ rẹ ti fẹjọ́ mi sùn, àbí? Lóòótọ́, ó mú mi lọ sílé oúnjẹ olówó gọbọi tí wọ́n ti ń figi yan ẹja. Agbáwo fẹ́ lọ da orí ẹja mi nù, mo gbà á, mo fọwọ́ tú u jẹ. Ọmọ rẹ ní, “Mọ́mì, wọ́n ń wò wá.” Mo ní kí wọ́n máa wò.

Mi ò ní tọrọ àforíjì. Ẹja ni ìyá wa ń tà. Orí tẹ́nikẹ́ni ò rà ló fi bọ́ èmi àtìwọ dàgbà.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Tó o bá wálé, mú mi padà lọ síbẹ̀, ká jẹ orí méjì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ajorí-ẹja.