Bí Raliat Ṣe Sọ Fún Àgbà Pé Kò Rí Bẹ́ẹ̀

                                        Ilé Alhaji Mashood Akóredé,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán,
                                        Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Joseph, ọ̀rẹ́ mi, àjọkọ́ṣẹ́ mi,

Ẹ kú òjò àrọ̀kúrò nílé níbẹ̀ o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Victoria, ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti ń gbọ́ oògùn? Àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ ńkọ́? Lọ́dọ̀ tiwa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ràmọ́tà ní kí n kí yín. Ní tèmi, ara mi le bí igi àpá. Láàárọ̀ yìí náà mo bá wọn já pákó sílẹ̀ nílé ìlagi mi, ńṣe làwọn ọmọ iṣẹ́ ń wò mí tìyanu-tìyanu.

Timothy, ọmọ rẹ, jíṣẹ́ fún mi. Ó ní wọ́n ti mú Precious, ọmọ ọmọ rẹ, fún ẹ̀kọ́ àkànṣe tí wọ́n ń ṣe fáwọn ọmọ tí orí wọn pé nígbà ọlidé, o sì ń béèrè bóyá irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti wọ yunifásítì, àbí ìwàkiwà ni yóò lọ kó bọ̀. Under G, àdúgbò kan nílùú yín níbẹ̀, ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìwọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló wá ń bi ará Ọ̀yọ́ léèrè ohun tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ! Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n etí rẹ ò gbọ́ràn mọ́, àwọn ará àdúgbò ló ń gbọ́ ohun tí mo bá bá ọ sọ. Mo wá kọ ìwé, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ọ́. O mọ̀ pé ìwé kejì ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, àmọ́ ta ni àwọn ayálégbé mi? Àwọn tó kàwé gboyè ni.

Ó dáa, gbọ́ bó ṣe jẹ́. Lọ́dún tó kọjá, Raliat, ọmọ ọmọ mi tí mo tọ́ dàgbà, yege nínú Jám̀bù. Kò sí ẹni tí máàkì rẹ̀ tó tirẹ̀ ní kíláàsì wọn. Iṣẹ́ dókítà ló fẹ́ kọ́. Yunifásítì tó yàn máa ń pe ọmọ jókòó, wọn a bi í ní ìbéèrè lójúkojú kí wọ́n tó gbà á. Bàbá kan nínú àwọn tó ń bi í, tí irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, wá sọ fún un pé, “Ọmọdé tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ńṣe ni kí wọ́n má fún un lómi mu, àbí?” Raliat kúnlẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Wọn ò gbà á.

Nígbà tó délé tó ń sunkún, mo bi í bóyá kò mọ̀ ọ́n ni. Ó ní, “Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni wọ́n ń fún un, kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo irun wọn ló ti funfun. Ṣé kí n wá pè wọ́n ní òpùrọ́ ni?”

Joseph, kò sí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ọ̀yọ́! Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo bú àwọn ará yunifásítì yẹn títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Síbẹ̀, ọdún kan ti gorí ọmọ, ó sì ní tí wọn ò bá tún gba òun lẹ́ẹ̀kejì, òun yóò gbàgbé iṣẹ́ dókítà, òun yóò lọ kọ́ aṣọ rírán.

Tíṣà rẹ̀ àtijọ́, Olúwafèyíkẹ́mi, ló fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Under G. Èmi rò pé ìwé ẹ̀rí là ń bá lọ síbẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo kó iṣu sọ́kọ̀, mo lọ wò ó. Ìwọ wà ní Èkó lọ́dọ̀ ọmọ rẹ nígbà náà. Mo yọjú lójú fèrèsé kíláàsì wọn. Kí ni mo rí? Ọmọdé ń pariwo lé àgbàlagbà lórí! “Sà, ẹ ti ṣì í!” “Sà, níbo lẹ ti rí ìyẹn?” Tíṣà náà sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń kì. Wọ́n ní ńṣe ló máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tí kò tọ̀nà, ọmọ tó bá jẹ́ kó kọjá ló máa gbálẹ̀ kíláàsì. Joseph, Raliat tèmi ló ń gbálẹ̀ látìgbà tó ti dé!

Inú bí mi. Mo ní kó lọ di ẹrù rẹ̀. Ọ̀gá wọn, Ìyáàfin Adéjọkẹ́, sáré jáde. Mo ní, “Madáàmù, àfojúdi lẹ kúkú ń kọ́ ọmọ níbí?” Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó wá ní, “Ẹ má bínú, Alhaji. Lọ́jọ́ tó bá di dókítà, tí ọ̀gá rẹ̀ ṣèèṣì gbé abẹ́rẹ́ tó lè pa aláìsàn, ṣé kó kúnlẹ̀ kó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà?”

Ìwọ ni ọ̀rọ̀ yẹn rán mi létí. Ṣé o rántí ọjọ́ tí ọ̀gá wa ń ti ìtí igi sẹ́nu ayùn, tí o rí irin tó há sínú igi náà, tí o figbe ta pé, “Ọ̀gá, irin!”? Ó kọ́kọ́ gbá ọ létí ná. Ìgbà tó rí irin yẹn ló fà ọ́ mọ́ra. Ká ní o ti pa ẹnu mọ́ nítorí pé ó jẹ́ ọ̀gá, ṣé ọwọ́ rẹ̀ ì bá ṣẹ́ kù? Mo bá sọ fún Raliat pé, “Padà sí kíláàsì. Orúnkún rẹ kó wà nílẹ̀, ẹnu rẹ kó máa sọ òótọ́.” Madáàmù pàtẹ́wọ́ fún mi! Èmi tí mo ka ìwé kejì ni mo yanjú ọ̀ràn náà.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí. Mo fi ojúlówó igi ọ̀ganwó ṣe férémù rẹ̀, mo ní kó gbé e lọ síbi ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì ní yunifásítì yẹn. Ó ní ńṣe ni wọ́n gbé e ti ẹsẹ̀ tábìlì, kò sẹ́ni tó tún bojú wò ó. Bàbá onírun funfun yẹn náà ló tún bá níbẹ̀. Bàbá ní, “Ẹni tí omi gbígbóná bá bó lára, epo pupa là ń fi pa á lójú ẹsẹ̀, àbí?” Raliat kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ foríjì mí, sà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tútù la ó máa dà sójú ibẹ̀. Epo á sé ooru mọ́ inú ara ni.” Bàbá ní, “Ta ló kọ́ ọ?” Ó ní, “Bàbá mi ló kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀, sà. Under G ni mo ti kọ́ ìyókù.” Ó ní bàbá náà rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ láti nu omijé.

Wọ́n ti gbà á, Joseph! Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni ìròyìn náà wọlé sórí fóònù rẹ̀, bí a ṣe ti mọ́sálásí dé. Mo ní kó kà á fún mi, mo ní kó tún un kà, mo tún ní kó kà á. Ó ní, “Bàbá, kò ní yí padà o.”

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ìwé ẹ̀rí nìkan ò ṣílẹ̀kùn kankan. Mubaraq, ọmọ aládùúgbò wa, gba irú rẹ̀. Fóònù ló ń tẹ̀ títí wọ́n fi parí, kò sì rí ibì kankan wọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ yẹn, mo ṣí fìlà fún wọn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Jẹ́ kí Precious lọ. Àmọ́ kí o mọ̀ o, ara rẹ ló ti máa kọ́kọ́ dán an wò.

Lánàá, àwọn àlejò wá bá wa yọ̀. Mo ń ṣàlàyé fún wọn pé bí yunifásítì ṣe rí orúkọ Akóredé báyìí ni wọ́n ti mọ ilé tí ọmọ ti wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà á. Raliat gbé omi tútù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ láàárín èrò, ó ní, “Ẹ foríjì mí, Bàbá. Kò rí bẹ́ẹ̀.” Gbogbo ilé yíjú sí mi. Ó wá ní, “Torí pé ẹ ní kí n padà sí kíláàsì lọ́jọ́ yẹn ni.”

Joseph, èmi Mashood tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, omi tútù yẹn ni mo gbé mu.

Bá mi kí Victoria àti Timothy. Sọ fún Precious pé mo ń retí ìròyìn ayọ̀ tirẹ̀ náà.

Èmi ni tìrẹ títí ayùn á fi dákẹ́,
Alhaji Mashood Akóredé
(Bàbá Dókítà).