Katakata Yín Ti Dún, Bàbá

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ o: katakata yín ti dún! Èyí tó dákẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìgàndò láti ìgbà tí ẹ ti lọ, tí adìẹ ń yé sábẹ́ àga rẹ̀, òun náà ló dún ní Sátidé tó kọjá.

Bọ̀ọ̀dá Délé fẹ́ yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ dànù ni. Ẹ mọ ọmọ yín, kò ní sùúrù. Lójú tirẹ̀, ká gbé ẹ́ńjìnì àlòkù míì sí i, ká fi ọ̀dà pupa kùn ún látòkè délẹ̀, ó parí. Mo yarí. Bí wọ́n bá yọ ẹ́ńjìnì yẹn, kí ló kù tó jẹ́ tiyín lára rẹ̀? Ó fún mi ní oṣù kan péré kí n fi tú ẹ́ńjìnì tó ti gan náà.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe irin tó bá ti gan? Ẹ kì í fi òòlù lù ú. Ẹ ó da epo sí i, ẹ ó sì máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ bí ẹni ń kí aláìsàn. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Kí n tó lọ síbi iṣẹ́ olùkọ́ mi ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo máa ń da dísù àti ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnì náà, màá wá fi sípánà yín ńlá yẹn gbìyànjú láti yí i. Kò yí. Àwọn ayálégbé wa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, inú sì bí mi gan-an. Ǹjẹ́ ẹ̀ ń wò mí láti ọ̀run bí?

Nígbà tí oṣù pé, Bọ̀ọ̀dá Délé mú mẹkáníìkì àti ṣéènì dé láti wá gbé e jáde. Mo fi sípánà dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ló bá yí! Mẹkáníìkì fọ ọ̀nà epo rẹ̀, ó jókòó sórí rẹ̀, àwa yòókù tì í jáde láti ẹ̀yìnkùlé, a sì tì í sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé. Ó wúkọ́, ó tú èéfín dúdú sára aṣọ tí Ìyá Ṣùkúrà, ọ̀kan lára àwọn ayálégbé wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ sá, ó sì dún! Bọ̀ọ̀dá Délé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo ti gbà kó fi ọ̀dà rẹ̀ kun irin táyà nìkan, torí ìjà kọ́ là ń jà.

Lánàá, a gbé e dé oko yín ní Àgbàdo. Ta lẹ rò pé ó wà á? Èmi ni! Ẹ ò jẹ́ kí n gun orí rẹ̀ rí nítorí pé obìnrin ni mí, ó sì dùn mí. Kí lẹ̀ bá wí ká ní ẹ wà níbẹ̀? Mo ṣá tu ilẹ̀ náà tán, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ mi ní jíà. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín ni mo máa ń wò, ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé omi wá fún yín lóko.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín,
awakọ̀ katakata.