Ẹnu Ọ̀nà Tó Ń Dá Ẹsẹ̀ Bàbá Mi Dúró

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àbúrò bàbá mi, tí gbogbo Arándùn ń pè ní Bàbá Bíríkìlà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Glasgow níbí. Mo kí Ìyá Kọ́lá, ìyàwó yín, mo kí tọmọdé tàgbà agbo ilé. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ kajú. Ìta gbangba ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí ìta gbangba ni wọ́n ti bà yín lórúkọ jẹ́.

Òjò ibí kì í rọ̀ bíi tiwa. Kì í pariwo lórí páànù. Ó kàn máa ń wà nínú afẹ́fẹ́, bí èémí ẹni tó ń sùn. Láàárọ̀, bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ tí kùrukùru bo odò, ó máa ń ṣe mí bíi pé ọ̀nà Òkè-Onígbìn ni mo ń tọ̀. Mo máa ń retí kí ọ̀kadà kan yọ nínú kùrukùru náà, kí ẹni tó gùn ún bi mí bóyá ilé ni mò ń lọ. Kò tíì sí ẹni tó bi mí.

Ẹ ti béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe rí, n kò ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Àwọn tí ọpọlọ wọn kò bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ bó ti yẹ mọ́ ló ń wá sọ́dọ̀ wa: àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti mú, àti àwọn tó ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní Pákínsìn, tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó ń mú ẹsẹ̀ wúwo. Mo máa ń so ẹ̀rọ kékeré kan, tí kò ju páálí ìṣáná lọ, mọ́ wọn lọ́rùn ẹsẹ̀. Wọ́n á wọ̀ ọ́ lọ sílé, wọ́n á wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, ẹ̀rọ náà á sì máa ka bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà mi, ìrìn wọn á wá dà bí òkè àti àfonífojì tó tò tẹ̀lé ara wọn. Mo lè jókòó tì í títí, bí ẹni ń wo ìgbẹ́ láti ojú fèrèsé mọ́tò.

Ẹ̀yin náà mọ bí ti Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí gbólóhùn asọ̀ wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì lórí oko kajú Bàbá Àgbà, ọdún náà lẹ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹnu ọ̀nà wa. Kò pẹ́ sí i, ẹsẹ̀ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á máa bọ̀ láti ojúde, wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á dúró bí ọ̀kan nínú àwọn ère òkúta Èsìẹ́. Àyà á fẹ́ wọlé, ẹsẹ̀ á kọ̀. A gbé wọn lọ sí Ìlọrin, wọ́n rìn geerege níwájú dókítà, dókítà ní ọjọ́ ogbó ló dé. Ni àwọn ará ilé bá ní kò sí àìsàn kankan, ọwọ́ ẹni tó rẹ́ ilẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mọ́mì ní kí wọ́n fọ́ ọ. Òkúta wẹ́wẹ́ àti ìṣó kan tó ti dípẹtà ni wọ́n bá lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní ìṣó náà lẹ fi de Bàbá lẹ́sẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹ ń kọjá lọ lọ́jọ́ náà, pé ẹ dúró, ẹ wò wọ́n, ẹ sì bá tiyín lọ. Láti ìgbà náà, ẹ kò tẹ ilé wa mọ́.

Nígbà tí mo wá sílé lásìkò Kérésì, mo mú ẹ̀rọ náà dání. Ọ̀gá mi ló yọ̀ǹda rẹ̀. Mo so ó mọ́ Bàbá lọ́rùn ẹsẹ̀, mo kọ́ Mọ́mì bí wọn yóò ṣe máa fi iná sí i, fóònù wọn sì ń fi ohun tó bá kà ránṣẹ́ sí mi. Mo padà sínú òtútù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá Bàbá rìn láìsí nílé. Èmi ń mu tíì níbí, Bàbá ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ́hùn-ún, ìṣísẹ̀ wọn ń kọjá lójú mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí mo wà ní kékeré tí mò ń tẹ̀lé wọn lọ sóko, tí mò ń fi ẹsẹ̀ mi sí ojú ẹsẹ̀ wọn. Lójijì, òkè àti àfonífojì á parẹ́. Ìgbì kéékèèké tó ń yára á gba ipò wọn. Ẹsẹ̀ ń gbọ̀n lójú kan, kò lè gbéra.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe Mọ́mì, mò ń bi wọ́n pé níbo ni Bàbá wà nígbà yẹn. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ni. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ní àárín bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì ni. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà ilé ìdáná, àti àárín mọ́tò méjì tó dúró nítòsí ara wọn ní Ọ̀mù-Àrán. Ibi gbogbo tó bá ti há ni. Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí Pákínsìn ṣe ń ṣe ẹlòmíràn nìyẹn, pé ibi tó há lásán lè dá ẹsẹ̀ dúró. Mo ní Bàbá Bíríkìlà kọ́ ló rẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́mì ní, "Kí la fẹ́ wí fún Bàbá Bíríkìlà báyìí?"

Bàbá wà nítòsí, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: kí ni ènìyàn lè ṣe sí i? Mo ní yàtọ̀ sí oògùn tí dókítà yóò kọ, ẹsẹ̀ tó kọ̀ láti rìn lè gbà láti ré nǹkan kọjá, bí wọ́n bá fi í síwájú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, ìrìn kan yọ lójú kọ̀ǹpútà mi tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Ó gùn, ó ń lọ jẹ́jẹ́, ó ń dúró díẹ̀, ó ń tẹ̀ síwájú, bí ẹni tó ń ronú. Kùrukùru ti bo fèrèsé. Mo fi gbogbo nǹkan sílẹ̀, mo bá a lọ. N kò mọ ibi tí Bàbá ń lọ; ẹ̀rọ náà kì í sọ ìyẹn. Nígbà tó ṣe, ìgbì kéékèèké dé. Ó pẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí ìṣísẹ̀ kan tó ga, tó mọ́, tó ju gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ìyá Kọ́lá ló ròyìn ìyókù fún Mọ́mì. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ayé náà gbọ́. Ẹnu ọ̀nà yín ni Bàbá dé tí ẹsẹ̀ wọn lẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò mi, o rí i, ẹnu ọ̀nà tìrẹ náà mú mi." Wọ́n ní ọmọ òun sọ pé bí òun bá rí nǹkan ré kọjá, ẹsẹ̀ á gbéra. Ẹ wò yíká, ẹ kò rí ohun tó yẹ. Ẹ bá jókòó sílẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ yín sí ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, ta ló ń jẹ́ kí wọ́n ré ẹsẹ̀ òun kọjá? Ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ré e kọjá. Kò sí nǹkan kan."

Òun ni ìṣísẹ̀ gíga tí mo rí níbí, n kò sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ yín ni wọ́n ré kọjá.

Àìsàn náà kò lọ. Ọjọ́ mìíràn dáa, ọjọ́ mìíràn kò dáa. Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbó, kí ẹ jọ tọ́. Kí ilé tí ẹ kọ́ fún ayé má ṣe wó lé yín. Ẹ bá mi kí Kọ́lá àti gbogbo aládùúgbò. Bí ẹ bá rí Mọ́mì lójúde yín láìpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ pẹ́. Ojú ń tì wọ́n ni.

Èmi ni, ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀