Èmi Kọ́ Ni Ìyá Aláìmọ̀kan

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ o. O kú iṣẹ́, o kú làálàá, o kú ariwo ìlú ńlá. Ṣé ara le? Ṣé orí fífọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ? Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, mọ́tò kò ní gbá ọ, ọ̀gá rẹ kò ní ṣàdédé kórìíra rẹ, oúnjẹ òòjọ́ rẹ kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Àmín. Inú ń bí mi, inú ń bí mi gan-an ni, ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ ṣàdúrà ná, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wà nínú mi, mo lè gbàgbé rẹ̀.

Àwa náà wà. Àbúrò rẹ obìnrin ń bá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ lọ, ó ti ń wo gbogbo wa báyìí bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò gún lábẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́, àfi pé ó ń kérora bí ẹni tí eyín ń ro. Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, èyí tí ẹ sọ ní Má-Fọwọ́-Kàn-Án nítorí pé bó ṣe ń kígbe nìyẹn lórí gbogbo tábìlì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ní kí n bá òun kí ọ. Ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀ kò tíì yanjú, ṣùgbọ́n ó rán mi, mo sì ti jẹ́ iṣẹ́ náà.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí o ti ra fóònù fún mi. Fóònù wà níbí, mo fi aṣọ wé e, mo sì tì í mọ́ inú àpótí. Ohun tí mo bá sọ sínú rẹ̀ ń bọ́ sínú tẹlifíṣọ̀n. Má-Fọwọ́-Kàn-Án ní kò sí wáyà kankan láàárín àwọn méjèèjì, mo ní kó lọ kun tábìlì rẹ̀, pé èmi ti rí wáyà náà, ìwọ ni. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ̀wé, mo sì máa fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu àpò ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ nílé tẹlifíṣọ̀n yẹn, tí o ní ìwọ wà lára àwọn tó ń kọ ìròyìn alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, inú mi dùn débi pé mo rán ṣòkòtò oníbàárà kan ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo àdúgbò ló ń wá wò ó ní pálọ̀ mi. Bàbá àgbà yẹn ló ń ka ìròyìn nígbà náà, ẹni tí a sọ ní Kì-í-Rẹ́rìn-ín. Á jókòó pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ tó ti ṣá, á kí wa káalẹ́, á wá dákẹ́ díẹ̀. Èmi á dáhùn, àbúrò rẹ á dáhùn, káfíńtà náà á kí i pé ó kú iṣẹ́, ìgbà yẹn ni yóò tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ wa, torí lọ́jọ́ tí mo wà ní bálùwẹ̀ tí mo pẹ́ kí n tó dáhùn, ó dúró dè mí, ó kàn ń to ìwé ọwọ́ rẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni ìròyìn náà. Ta ló sọ fún mi? Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín nínú àpótí tẹlifíṣọ̀n, ó sì wọ kóòtù, kí ni mo fẹ́ fi mọ̀? Lọ́jọ́ tó sọ pé àwọn elómi ní kí ará ìlú fọkàn balẹ̀, pé ẹ̀rọ omi tí kò yọ omi láti ọdún tó kọjá kò bàjẹ́ rárá, wọ́n kàn ti sọ ọ́ di ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn gbẹ aṣọ ni, mo kó aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Mo ṣí i. Atẹ́gùn fẹ́ jáde lóòótọ́, fùùù. Mo na ẹ̀wù sí i. Bí àwọn aládùúgbò ṣe rí mi ni wọ́n kó tiwọn náà wá, a sì tò sórí ìlà. Ọ̀gá àwọn elómi ló wa mọ́tò kọjá, ó dúró, ó bi wá pé kí là ń ṣe, mo sì ṣàlàyé fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ohun tí wọ́n kéde nínú ìròyìn ni, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì í. Mo ń wò ó bí ọrùn rẹ̀ ṣe ń wọnú kọ́là lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, omi ti ń ṣàn. Tó bá jẹ́ ẹ̀fẹ̀ lẹ̀ ń pe ìyẹn, ẹ̀fẹ̀ tó mú omi wá ni, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Wọ́n wá ní Kì-í-Rẹ́rìn-ín ti fẹ̀yìn tì. Èyí tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, Eléyín-Funfun, ọkàn mi ò gbà á láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó kí wa káalẹ́, a ò tíì la ẹnu tán láti dáhùn, ó ti wọnú ọ̀rọ̀. Ṣé wọn ò kọ́ ọkùnrin yẹn nílé ni? Kó tó sọ̀rọ̀ ẹ̀rín, òun fúnra rẹ̀ ti rín in tán, àjẹkù ló ń bù fún wa. Á lu tábìlì, á nàka sí wa lójú. Àti àwọn èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn! Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ wọn, mo ní kí àbúrò rẹ yọjú lójú fèrèsé kó wo àwọn tó ń fi wá rẹ́rìn-ín níta. Ó ní kò sẹ́nìkan níta, pé inú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n wà. Níbo lẹ kó wọn pamọ́ sí? Ẹ̀rín kan náà ni wọ́n ń rín, gígùn kan náà, ọkùnrin kan sì wà láàárín wọn tó máa ń wúkọ́ ní ìparí. Ó ti ń wúkọ́ láti ìgbà òjò. Àbúrò rẹ ní ikọ́ tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àmúṣeré. Tí ẹ bá lè sanwó fún un kó máa rẹ́rìn-ín, ẹ sanwó oògùn fún un pẹ̀lú.

Mo ṣì ń mú un mọ́ra o, títí dọjọ́ tí wọ́n gbé alága ìjọba ìbílẹ̀ wa wá. Alága yìí náà ni, èyí tí Kì-í-Rẹ́rìn-ín máa ń dárúkọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí tí kò fi ń rí oorun sùn. Eléyín-Funfun gbà á lálejò, ó fi í jókòó sórí àga tìmùtìmù, ó fún un ní ife tí wọ́n kọ orúkọ ètò yín sí lára. Ẹ̀rọ omi wa sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ atẹ́gùn rẹ̀ nígbà yẹn, mo sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, ìsinsìnyí ni yóò bi í. Ohun tó bi í ni pé ta ló ń bá a yan bàtà. Alága rẹ́rìn-ín, Eléyín-Funfun rẹ́rìn-ín, àwọn ará inú àpótí rẹ́rìn-ín, oníkọ́ wúkọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálàpá, ṣùgbọ́n eléyìí ò tiẹ̀ pa lápálàpá, ìpara ló ń fi ra ẹ̀tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú korobá gbígbẹ.

Bí alága ṣe lọ tán ni wọ́n mú obìnrin kan jáde, wọ́n ní Ìyá Aláìmọ̀kan lorúkọ rẹ̀, pé abúlé ló ti wá. Ìborí rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi òwú so awò ojú mọ́ etí. Mo pariwo! Mo ní kí gbogbo wọn wá wò ó, aránṣọ bíi tèmi ni. Obìnrin náà dúró níwájú ẹ̀rọ tó ń yọwó lára ògiri báńkì, ẹ̀rọ ní kó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ó ní láéláé, pé ọmọbìnrin inú báńkì ti kìlọ̀ fún òun pé òun ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní obìnrin tó gbọ́n nìyí, àṣírí làṣírí ń jẹ́, tí èèyàn bá lọ sọ ọ́ fún ẹ̀rọ tó dúró síta gbangba, kí ló wá kù tí wọ́n ń pè ní àṣírí? Ohun tí èmi náà ṣe gan-an nìyẹn. Mo tiẹ̀ ti ń rò ó pé kí o bá mi bi í ta làwọn èèyàn rẹ̀, bóyá a bára tan.

Ẹ̀rín wá sọ. Kì í ṣe nínú àpótí nìkan, nínú pálọ̀ mi ni. Má-Fọwọ́-Kàn-Án ṣubú lulẹ̀, ó ń fọwọ́ lu sìmẹ́ńtì. Mo wẹ̀yìn, mo rí àbúrò rẹ tó dìde wọ yàrá lọ, omi wà lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe omi ẹ̀rín. Mo bi káfíńtà pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín nínú ọgbọ́n. Ó nujú, ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé ìwọ lo wà lábẹ́ ìborí yẹn ni. Mo ní irọ́ ni, ọmọ mi nírùngbọ̀n. Mo lé e jáde, mo sì ju bàtà rẹ̀ tẹ̀lé e.

Mo padà jókòó. Obìnrin náà ti mú abẹ́rẹ́, ó ń fi òwú sójú rẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe é, ó sì yọ ahọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè bó ṣe ń ṣe é. Abẹ́ tábìlì mi lo ti kọ́ ọ, àbí èmi ni mi ò ní mọ ahọ́n ọmọ mi? Mi ò sọ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn fún káfíńtà. Mi ò sọ ọ́ fún àbúrò rẹ. Ìwọ nìkan ni mo pè lọ́jọ́ tí mo wà nídìí ẹ̀rọ báńkì, nígbà tí àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń pòṣé tí ojú ń tì mí, o sì rọ̀ mí, o ní kò burú, màámi, ẹ má da ara yín láàmú. Ohun tí mo fi pamọ́ fún ẹ̀rọ, mo sọ ọ́ fún ọmọ mi, ọmọ mi ló wá gbé e síta fún gbogbo ayé. Ẹ̀rọ yẹn ì bá má sọ. Mi ò sunkún o, inú ló bí mi.

Láti ìgbà náà, oníbàárà kan ò ní wọlé kó má bi mí bóyá mo ti bá ẹ̀rọ parí ìjà. Obìnrin kan gbé aṣọ wá kí n gé e kúrú, ó ní kí n má bínú o, ṣé mo mọ ohun tó ń jẹ́ kúrú. Èmi tí mo rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀! Ó ní ẹ̀fẹ̀ lòun ń ṣe. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ̀sín ni, ìwọ tí mo rán níwèé ló sì yẹ kó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ti ọ̀gá elómi ni ẹ̀fẹ̀, torí pé ó jẹ̀bi, ó sì lágbára láti tún un ṣe. Èmi ńkọ́, kí ni mo jẹ̀bi? Láyé Kì-í-Rẹ́rìn-ín, ẹni tó gbé omi wa mì lojú ń tì. Láyé tiyín, ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ lojú ń tì. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀, ìwọ sì fi tèmi tẹlẹ̀ níwájú alága, alága ò tíì gbé ife sílẹ̀.

Ó tún kù. Lánàá, ọmọbìnrin kan pe àbúrò rẹ láti ilé iṣẹ́ yín. Ó ní àwọn èèyàn fẹ́ràn Ìyá Aláìmọ̀kan gan-an, pé lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ àwọn fẹ́ gbé kámẹ́rà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kí èmi gangan jókòó ti ìwọ, kí àwa méjèèjì wé ìborí kan náà, àwọn yóò sì gbé ẹ̀rọ báńkì kan dání. Ó ní ìwọ ti gbà, ó ku èmi. Àbúrò rẹ fẹ́ bú u, mo gba fóònù, mo kí i dáadáa, mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà nìyí.

Mo fẹ́ owó awò ojú. Òwú tí o so mọ́ etí tí gbogbo ayé ń rín yẹn, ó wà létí mi lóòótọ́ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, nítorí pé o ti ń ṣèlérí òmíràn fún mi tipẹ́tipẹ́, kí o tó gbaṣẹ́ ìborí. Mo tún fẹ́ owó bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ. Fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ, má fi sí báńkì, èmi àti ẹ̀rọ yẹn ò bára wa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ owó ohun tí o fọwọ́ rẹ kọ. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n san fún ọ lórí mi, fi sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò lè fi í wo ojú abẹ́rẹ́.

Ti kámẹ́rà, tí o bá bá wọn wá lọ́jọ́ Ẹtì, wàá bá ṣọ́ọ̀bù ní títì, èmi á sì wà nínú rẹ̀ tí mò ń ránṣọ, kí wọ́n ya ìró ẹ̀rọ. Tí o bá dá wá ní tìrẹ, láìwé nǹkan kan sórí, màá ṣílẹ̀kùn fún ọ kí o tó kàn án. Jókòó kí o kọ ohun tí o mọ̀ ọ́n kọ. Omi ò sí, alága wà, ife wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé o ò rí nǹkan tó pani lẹ́rìn-ín nínú ìyẹn?

Èmi ò ní gbé ọ ṣépè, ọmọ mi ni ọ́. Olúwa yóò jẹ́ kí o dàgbà, kí irun rẹ funfun, kí ayé sì yí padà lójú rẹ títí ìwọ náà yóò fi dúró níwájú nǹkan kan tí àwọn ọmọdé ń lò, tí o ò ní mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọmọ tìrẹ kò ní jìnnà sí ọ. Yóò fi sùúrù kọ́ ọ. Yóò fi ọ́ rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ pé yóò pa á lẹ́rìn-ín, ìwọ náà yóò sì bá a rín in. Inú ilé ni ẹ ó ti rín in, kò sì ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àmín.

Èmi ni,
ìyá rẹ, aránṣọ.